Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Bẹ́líìtì Eré-Ìje àti Roll Bar

Ẹni tí ó bá ń múra ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún eré sísá lórí pápá sábà máa ń kọ́kọ́ ra bẹ́líìtì eré-ìje, ìyẹn bẹ́líìtì olókùn púpọ̀ tí ń de èjìká méjèèjì àti ìbàdí, nítorí pé kò ṣòro láti rí, ó sì ń wu ojú. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe tí ó léwu jù lọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Sítì bẹ́líìtì tí ó bá ọkọ̀ wá, irú èyí tí Nils Bohlin ṣe fún Volvo ní ọdún 1959, ń fún ara ní àyè díẹ̀ láti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí ọkọ̀ bá gbókìtì tí òrùlé rẹ̀ sì ń wọlé. Bẹ́líìtì eré-ìje kò fúnni ní irú àyè bẹ́ẹ̀: ó de awakọ̀ mọ́ ìjókòó ní ìnàró, orí rẹ̀ ni yóò sì gba òrùlé náà. Ẹ má ṣe so ó sínú ọkọ̀ tí kò ní roll bar, ìyẹn ọ̀pá irin tí a tẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà sẹ́yìn awakọ̀, tí ó sì ga ju orí rẹ̀ lọ.

Roll bar náà kì í ṣe ohun tí a ń fi páìpù omi ṣe. Mo mọ̀ pé àwọn wẹ́dà wa ní Àkúrẹ́ mọṣẹ́, wọn a sì jó irin pọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé iṣẹ́ wá ni ó gbọ́dọ̀ sọ irú irin tí ó fẹ́. Àjọ FIA, tí ń ṣe òfin eré-ìje ọkọ̀ lágbàáyé, ní kí ọ̀pá ńlá náà jẹ́ irin tí kò ní ojú ìsopọ̀ lára, kí ó fẹ̀ tó mìlímítà 45 tí ara rẹ̀ sì nípọn tó mìlímítà 2.5, tàbí kí ó fẹ̀ tó 50 tí ó sì nípọn tó 2. Àṣìṣe mìíràn ni kí wọ́n jó ẹsẹ̀ ọ̀pá mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ lásán, pàápàá ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ ti dógùn-ún, nítorí pé bí ọkọ̀ bá gbókìtì, ọ̀pá náà yóò gún ilẹ̀ yọ. Awo irin tí ó nípọn tó mìlímítà 3 ó kéré tán ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí a so okùn èjìká mọ́ tún ṣe pàtàkì púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a so ó mọ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, okùn bẹ́ẹ̀ yóò fa èjìká wálẹ̀ tagbáratagbára, eegun ẹ̀yìn ni yóò sì ru gbogbo ẹrù náà. Ìlànà FIA ni pé kí okùn náà lọ sẹ́yìn, kí ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀ má sì ju díígírì 45 lọ. Ó tilẹ̀ sàn kí ó má kọjá 10. Ọ̀pá ìbú tí a jó mọ́ roll bar ni ó yẹ kí ó di í mú. Bákan náà, bẹ́líìtì olókùn mẹ́rin tí kò ní okùn tí ń gba àárín itan kọjá lè jẹ́ kí ìbàdí yọ́ sábẹ́ okùn ìsàlẹ̀, kí okùn náà sì wọ inú ikùn. Ẹ ra olókùn mẹ́fà.

Bẹ́líìtì yìí di èjìká mú, ṣùgbọ́n kò di orí mú. Eegun ìsàlẹ̀ agbárí tí ó fọ́ ni ó pa Dale Earnhardt, awakọ̀ eré-ìje ará Amẹ́ríkà, ní pápá Daytona ní ọdún 2001. Kí ọdún náà tó parí, NASCAR, àjọ tí ń darí irú eré-ìje ọkọ̀ tí ó ń sá ní Amẹ́ríkà, ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn awakọ̀ ìdíje wọn tí ó ga jù lọ láti máa lo ohun èlò tí ń di orí àti ọrùn mú, irú HANS.

Bí bẹ́líìtì bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ẹ wo ọjọ́ tí a kọ sára rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, nítorí pé oòrùn máa ń jẹ okùn rẹ̀. Èyí tí ó ti wà nínú ìjàm̀bá rí kò yẹ ní lílò mọ́, bí kò tilẹ̀ já.

Ohun tí ó kù ni ìrìn-àjò padà sílé. Lórí pápá, àṣíborí wà lórí awakọ̀. Lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, kò sí i. Irin tí ó wà nítòsí orí tí kò ní àṣíborí lè fọ́ agbárí nínú ìjàm̀bá kékeré, nítorí náà ẹ fi fóòmù líle tí a ṣe fún iṣẹ́ náà wé gbogbo ibi tí orí lè kàn, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sẹ́yìn.