Ẹ Má Fi Owó Ra Ẹkún: Àṣìṣe Àwọn Tí Ń Ka Ìwé Ogun àti Ìpẹ̀yàrun

Ọdún 11 ni mo ti fi ń ta ìwé tòkunbọ̀ ní Yábàá. Bí oníbàárà tuntun bá ti ní, "Bọ̀dá, ẹ fún mi ní èyí tí yóò mú mi sunkún gidi," mo ti mọ̀ pé owó kan fẹ́ bọ́ sómi nìyẹn.

Àkọ́kọ́, ẹ má ra mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọkàn yín yóò ti rẹ̀ kí ẹ tó ka ìkejì tán.

Èkejì, ẹ yàgò fún ayédèrú, nítorí àwọn kan nínú àwọn tí ń tẹ̀ ẹ́ a máa gé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé kúrò kí owó bébà lè dínkù. Ìwé ìrántí Anne Frank, ọmọbìnrin Júù tí ó sá pamọ́ fún àwọn Násì ilẹ̀ Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, dúró ní ọjọ́ 1 oṣù Ògún ọdún 1944; lọ́jọ́ 4 oṣù náà ni wọ́n mú un, ó sì kú sí àgọ́ Bergen-Belsen ní 1945. Oníbàárà kan tí ó ra ayédèrú lójú títì bi mí léèrè ibi tí ọmọ náà ń gbé báyìí.

Ẹ̀kẹta ni ó ń dùn mí jù: ẹ má fi ìtàn àròsọ ṣe ẹ̀rí. Èmi náà ti jẹ̀bi rẹ̀ rí. Níbi ìpàdé àwọn òǹkàwé kan ní Súrùlérè, mo dìde, mo sì ròyìn The Boy in the Striped Pyjamas, tí John Boyne kọ ní 2006 nípa ọmọ ọ̀gá Násì kan àti ọmọ Júù kan tí wọ́n jọ kú ní Auschwitz, àgọ́ ìpànìyàn àwọn Násì ní Pólándì, bí ẹni pé ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Tíṣà àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìntì wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, bí àwọn ọmọ méjèèjì bá kú, ta ni ó wá ròyìn wọn?" Ojú gbà mí tì. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ Júù tí wọ́n kó dé Auschwitz ni wọ́n fi afẹ́fẹ́ olóró pa lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Ilé ìrántí tí ó wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀ sì kìlọ̀ ní 2020 pé kí ẹni tí ń kọ́ ìtàn náà tàbí tí ń fi kọ́ni yàgò fún ìwé yìí. Síbẹ̀, òun ni wọ́n ń béèrè. Mo ta ìwé Primo Levi, ará Ítálì, onímọ̀ kẹ́míkà, tí wọ́n kó lọ sí Auschwitz ní 1944, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1947, fún àǹtí kan. Ọkùnrin náà kàn ń sọ̀rọ̀ búrẹ́dì, ṣíbí àti bàtà ní pẹ̀lẹ́tù ni. Ní ọjọ́ kẹta, àǹtí dá a padà pé kò pa òun lẹ́kún, kí n dá owó òun padà!

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Ẹni tí yóò ka ti Rùwáńdà, ìyẹn ìpẹ̀yàrun àwọn Tutsi ní 1994, kí ó kọ́kọ́ mọ̀ pé ìjọba amúnisìn àwọn Bẹ́ljíọ́mù ni ó kọ ẹ̀yà sínú káàdì ìdánimọ̀ àwọn ènìyàn ní àwọn ọdún 1930.

Ẹ má sì ka ti Bìáfúrà tán kí ẹ wá máa da ìbéèrè bo ẹni tí ó là á já. Màmá Ìgbò kan ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ní ọdún tí mo dé, mo gbé ìwé kan tọ̀ wọ́n lọ, mo bi wọ́n bóyá bẹ́ẹ̀ ni ebi náà ṣe rí láàárín 1967 sí 1970. Wọ́n wo èèpo ìwé náà, wọ́n ní kí n bá àwọn gbé àpótí aṣọ wọlé. Mo gbé e wọlé, n kò sì béèrè mọ́.