777 kì í ṣe oògùn: ohun tí ojú mi rí lórí ìkànnì ẹgbẹ́ wa

Mo san ₦15,000 kí ẹnìkan lè bá mi tún ìkànnì ṣe, ìkànnì tó ṣì ń ṣí tẹ́lẹ̀ wá kú pátápátá. Inú ṣì ń bí mi, ẹ fara dà á bí ohùn mi bá le.

Rẹgbẹrẹgbẹ wa (ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra) ní Ìjẹ̀bú-Òde ló fẹ́ ibi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò ti forúkọ sílẹ̀ fún Ojúde Ọba, kí wọ́n sì fi fọ́tò wọn síbẹ̀. Mo fi PHP, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ ọ́, mo ra shared hosting (ààyè lórí sáfà tí ọ̀pọ̀ oníbàárà jọ ń lò), mo gbé e sókè. Ìyẹn ò le. Fọ́tò nìkan ni ò wọlé: “Permission denied”, ìyẹn ni pé kò sí àṣẹ.

Ọmọkùnrin tí mo pè láti ẹ̀gbẹ́ ọjà Òkè-Àjẹ ò wo ohunkóhun. Ó fi 777, nọ́ńbà àṣẹ tó ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè ka nǹkan, kí ó kọ ọ́, kí ó sì mú un ṣiṣẹ́, sórí gbogbo fáìlì àti fódà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣí gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.” Ó gba owó, ó lọ. Mo tẹ ìkànnì wò: 500 Internal Server Error, ìyẹn ni pé nǹkan bàjẹ́ lórí sáfà. Mo pè é padà, ó ní ibi tí mo ti rà á ni ò dáa, kí n lọ ra VPS, ìyẹn sáfà tèmi nìkan. Iléyá sì ti ń kanlẹ̀kùn. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ ń pè mí ṣáá: “Ọmọ mi, fọ́tò mi dà?”

Mo wọ cPanel, ibi tí a ti ń darí hosting, mo ṣí ojú ewé Errors. Ó wà níbẹ̀ gbangba: SoftException, “writeable by group”, ìyẹn ni pé ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ lè kọ nǹkan sí fáìlì náà. Ilé face-me-I-face-you ni shared hosting. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo suPHP, ètò kan tó ń darí PHP, orúkọ onílé ni PHP fi ń ṣiṣẹ́, script (fáìlì ètò) tí ará ilé mìíràn bá sì lè kọ nǹkan sí, kò ní ṣiṣẹ́ rárá. 777 gan-an ló pa ìkànnì mi.

Ibi tí mo ti fẹ́ ya wèrè nìyí. Ẹni tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn ní ilé-iṣẹ́ hosting ní kí n fi 644 sórí gbogbo ẹ̀, títí kan public_html, fódà tí gbogbo ìkànnì wà nínú ẹ̀. Mo ṣe bó ṣe wí. 500 lọ, 403 Forbidden (a kò gbà yín láyè láti wọlé) dé! Mo tún kọ̀wé sí i, ó tún ní kí n fi 644 sí i. Ta ló kọ́ ẹni yìí níṣẹ́?

Ẹ wò ó: kíkà jẹ́ 4, kíkọ jẹ́ 2, ṣíṣiṣẹ́ jẹ́ 1, a ó sì ro èyí tí a bá fẹ́ pọ̀: 6 jẹ́ kíkà àti kíkọ, 7 jẹ́ gbogbo rẹ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ti onílé ni, èkejì ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀kẹta ti gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n lórí fódà, 1 yẹn ni àṣẹ láti wọlé. Fódà tó bá jẹ́ 644, onílé pàápàá ò lè wọ inú ẹ̀. FileZilla, ètò tí mo fi ń gbé fáìlì sórí sáfà, ń kọ̀ fún mi, mi ò sì lè fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Àfi kí n ṣí ti ìta ná, kí n tó rí ti inú, fódà kan lẹ́yìn èkejì. Iná lọ láàárín kan. Mo fi fóònù parí ẹ̀, kò sì sí ẹni tó ràn mí lọ́wọ́.

Public_html padà sí 750 tó wà tẹ́lẹ̀, àwọn fódà inú ẹ̀ di 755, fáìlì dúró ní 644. Èyí tí ọ̀rọ̀ aṣínà dátàbéèsì wà nínú ẹ̀, mo fi 600 sí i. Fọ́tò ńkọ́? Inú zip, àpò fáìlì tí mo gbé sókè, ni fódà tirẹ̀ ti wá pẹ̀lú 555, kò sí àṣẹ kíkọ rárá. 755 péré ló ń wá látìbẹ̀rẹ̀. Fọ́tò ìyá wa ló kọ́kọ́ wọlé.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ ka Errors kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nínú FileZilla, ẹ yan “Recurse into subdirectories”, kí ẹ fi 755 sí fódà nìkan, lẹ́yìn náà 644 sí fáìlì nìkan. Script Perl (èdè kọ̀ǹpútà mìíràn) inú fódà cgi-bin ní tirẹ̀ 755 ló ń fẹ́. Bó bá ṣì ń kọ “Premature end of script headers”, ẹ wò ó bóyá Windows lẹ ti kọ ọ́: ìparí ìlà rẹ̀ lè jẹ́ ìṣòro, kì í ṣe àṣẹ. Ẹ gbé e sókè ní ASCII, ọ̀nà ìfiránṣẹ́ fáìlì ọ̀rọ̀ nínú FileZilla.