Bí a Ṣe Ń Kó Fáìlì Kúrò Lórí Hard Drive Tó Ń Kú Lọ

Bí hard drive bá ṣàdédé ń lọ́ra, tí fáìlì kan ń pẹ́ kó tó ṣí, ẹ má ṣí òmíràn wò. Ẹ pa á ná. Bó bá ń dún kẹ́ kẹ́ kẹ́, ẹ má tan iná sí i mọ́ rárá. Àwọn tó ń ṣí irú rẹ̀ nínú yàrá tí eruku kì í wọ̀ ló ni iṣẹ́ yẹn. Fíríìsà kọ́ ni oògùn rẹ̀ o, omi lásán ló máa sẹ̀ sí i nínú.

Èyí tí kò dún la lè ṣe nílé. Ẹ wá drive mìíràn tó tóbi jù ú lọ. FAT32, ọ̀nà kan tí drive ń gbà to fáìlì, kò ní gba fáìlì tó bá tó 4 GB, nítorí náà ext4, ọ̀nà mìíràn, ni mo máa ń lò. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti tó, bó bá ti lè tan Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) láti orí flash. Ojú SATA tààrà, ibi tí à ń so drive mọ́ nínú kọ̀ǹpútà, ni kí ẹ so drive aláìsàn náà mọ́, torí àpótí USB olówó pọ́ọ́kú máa ń já bó bá kan ibi tó bàjẹ́. Ddrescue ti GNU, ètò tó ń ṣe ẹ̀dà drive tó ń bàjẹ́, la ó lò, kì í ṣe dd_rescue tí orúkọ wọn jọra.

Ibi tí wọ́n ti ń ba nǹkan jẹ́ nìyí. Ẹ tẹ èyí sínú Terminal, ojú ibi tí à ń tẹ àṣẹ sí, kó lè to àwọn drive tó wà:

lsblk -o NAME,SIZE,MODEL,SERIAL

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ, nítorí èyí tó jẹ́ sdb lánàá lè di sdc bí ẹ bá tún kọ̀ǹpútà tàn. Nọ́ńbà SERIAL ni kí ẹ fi dá a mọ̀. Bébà ni mo máa ń kọ ọ́ sí. Nínú àṣẹ ddrescue, aláìsàn ló ń ṣáájú, ibi tí à ń kó o lọ ló ń tẹ̀ lé e. Mo ti rí ẹni tó gbé méjèèjì yí, tó da òfìfo drive tuntun sórí àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀. -f ló fi ṣe é: láìsí i, ddrescue kì í kọ nǹkan sórí odindi drive. Ìdí nìyí tí mo fi ń kó o sínú fáìlì, tí n kì í sún mọ́ -f. Nínú àṣẹ ìsàlẹ̀ yìí, ẹ fi orúkọ tí lsblk fún aláìsàn yín rọ́pò sdb; /mnt/tuntun ni ibi tí a ṣí drive tuntun sí:

sudo ddrescue -d -n /dev/sdb /mnt/tuntun/aisan.img /mnt/tuntun/aisan.map

Fáìlì map ń ṣàkọsílẹ̀ ibi tó ti kà. Bí iná bá lọ, ẹ tún àṣẹ kan náà tẹ̀, yóò sì bá iṣẹ́ lọ láti ibi tó dúró sí. Ẹni tí kò bá fi í sí i yóò bẹ̀rẹ̀ láti àkọ́kọ́, drive náà sì lè má dúró dè é. -n ń jẹ́ kó kọ́kọ́ kó ibi tó rọrùn, kó fi ibi tó le sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi -r3 (kó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta) dípò -n, kó padà lọ bá ìyókù jà. Bó bá gbóná, Ctrl+C, ẹ jẹ́ kó tutù.

Ẹ má lo chkdsk tàbí fsck, àwọn àṣẹ tó ń tún ètò fáìlì ṣe, lórí aláìsàn náà láéláé. Inú ẹ̀dà aisan.img ni kí gbogbo àtúnṣe ti wáyé. Testdisk, ètò tó ń wá fáìlì àti ìpín drive tó sọnù, ni kí ẹ kọ́kọ́ fi wò ó. Photorec náà ń rí fáìlì, ṣùgbọ́n kì í dá orúkọ wọn padà, ẹ ó sì jókòó ti i fún ọjọ́ pípẹ́ láti ya àwòrán sọ́tọ̀ kúrò lára ìdọ̀tí.