Àṣìṣe Àwọn Òṣìṣẹ́ Tó Rò Pé PAYE Ti Parí Ọ̀rọ̀ Owó Orí

“Ṣebí wọ́n ti ń yọ ọ́ nínú owó oṣù mi?” Ohun tí àwọn èèyàn wa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ fún mi nìyẹn tí oṣù Kìíní bá ti dé. Wọ́n ń yọ ọ́ lóòótọ́. Àmọ́ owó tí ọ̀gá yín ń san nìkan ni PAYE, ètò tí wọ́n fi ń yọ owó orí nínú owó oṣù, mọ̀. Kò mọ̀ nípa aṣọ tí ẹ ń tà lópin ọ̀sẹ̀.

Àṣìṣe kìíní nìyẹn. Tí owó tó wọlé nínú òwò tí ẹ ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ bá ju £1,000 lọ láàárín 6 oṣù Kẹrin sí 5 oṣù Kẹrin ọdún kejì, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe Self Assessment, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí ẹ fúnra yín fi ń sọ owó tó wọlé fún yín. Owó tó wọlé ni mo wí o, mi ò wí èrè.

Èkejì: “Ìbàdàn ni ilé tí mo ń gba owó rẹ́ǹtì rẹ̀ wà, kí ló kan HMRC níbẹ̀?” Ó kan HMRC, àwọn agbowó-orí ìjọba ibí. Ẹni tí òfin bá kà sí olùgbé ibí, owó tó ń wọlé fún un níbi gbogbo lágbàáyé ni wọ́n ń béèrè. Owó orí tí ẹ ti san lórí rẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú tibí, ṣùgbọ́n inú fọ́ọ̀mù náà lẹ ti máa sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ ń gba Child Benefit, owó tí ìjọba ń fún òbí nítorí ọmọ, ọ̀kan nínú tọkọtaya sì ń gbà ju £60,000 lọ lọ́dún: ẹ máa dá lára rẹ̀ padà.

Èyí tó ń bí mi nínú jù, mi ò ní fún un ní nọ́ńbà. Lẹ́tà HMRC dé pé kí ẹ kọ fọ́ọ̀mù, ẹ fi há ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, torí ẹ kò jẹ wọ́n ní gbèsè. Ta ló bi yín ní gbèsè? Tí wọ́n bá ti ní kí ẹ kọ ọ́, ẹ kọ ọ́, tàbí kí ẹ ní kí wọ́n fagi lé e. Tí 31 oṣù Kìíní bá kọjá, owó ìtanràn £100. Tó bá pé oṣù mẹ́ta, £10 lójoojúmọ́ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Oṣù mẹ́fà, ó kéré tán £300. Ọdún kan, £300 mìíràn. £1,600 nìyẹn, lórí ẹni tí kò jẹ kọ́bọ̀!

Nọ́ọ̀sì kan kó irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wá bá mi nínú ọ̀rá, kò tíì já ọ̀kan. Ó ti jáwọ́ nínú òwò rẹ̀ tipẹ́. “Ṣé ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti jáwọ́?” Ó dákẹ́. Mo pariwo títí ó fi ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra, ẹ̀jẹ̀ ríru ò dáa.” Iṣẹ́ rẹ̀ ni, ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún Self Assessment kí 5 oṣù Kẹwàá tó kọjá. Ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn; UTR, nọ́ńbà owó orí tí wọ́n máa fún yín, kì í dé lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ má sì kọ òwò nìkan sínú fọ́ọ̀mù kí ẹ fo owó oṣù. Ẹ gbé P60, ìwé tí ọ̀gá yín ń fún yín lópin ọdún owó orí, síwájú, ẹ kọ iye tí ẹ gbà àti iye tí wọ́n ti yọ. Ẹni tó bá gbàgbé èyí tí wọ́n ti yọ, wọ́n á tún ní kó san án.