Ẹ gbin marigold báyìí, kó lè tàn ní Kérésìmesì

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi ní Kàbà, ẹ kú ojúmọ́ o. Bí ẹ bá fẹ́ kí òdòdó marigold tàn níwájú ilé nígbà Kérésìmesì, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá yìí ni kí ẹ gbìn ín, kí òjò tó dá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ló ń hù. Irú rẹ̀ tó kúrú a máa tàn ní bí ọ̀sẹ̀ 8. Ojú oòrùn ni kó wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ajílẹ̀ bò ó! Ajílẹ̀ àpọ̀jù, ewé ló ń mú wá, òdòdó kò ní pọ̀, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí i. Tí ọyẹ́ bá dé, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ bomi sí, kì í ṣe orí òdòdó. Ẹ máa já èyí tó bá ti rọ kúrò, òmíràn á yọ.