Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ríra Ọkọ̀ Ojú Irin Oníná fún Reluwé Kékeré

Nínú reluwé kékeré, ìyẹn àwọn ọkọ̀ ojú irin tí a ṣe ní kékeré láti fara wé ti gidi, tí a ń tò sórí tábìlì nílé, ríra orí ọkọ̀, èyí tó ń fa àwọn kóòṣì, kò nira. Ó wù yín, ẹ sanwó, ẹ gbé e sójú irin, ó gbéra. Kóòṣì méjì lẹ ní lónìí, yóò fà wọ́n. Wọ́n di mẹ́fà lọ́dún tó ń bọ̀, yóò ṣì fà wọ́n. Ọkọ̀ oníná tí kò lórí, èyí tí wọ́n ń pè ní EMU, kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ àwọn kóòṣì tí èrò ń jókòó sí gan-an ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, ibi ìjókòó awakọ̀ sì wà níwájú àti lẹ́yìn, kí wọ́n má baà máa yí ọkọ̀ po bó bá dé òpin ọ̀nà. Irú rẹ̀ ló ń kó èrò láti Marina lọ sí Mile 2 l'Ékòó láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. (Red Line kò sí lára wọn o, dísẹ́ẹ̀lì nìyẹn ń mu.) Odidi ni wọ́n ṣe é, odidi ló sì yẹ ká rà á. Àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń ra nǹkan, ibẹ̀ sì ni owó ti ń ṣòfò jù.

Jàpáànì ni mo máa tọ́ka sí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Tí a bá ń sọ nípa ọkọ̀ kékeré tó ń sáré lórí irin oní-mílímítà 9, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí N, ibẹ̀ ni EMU pọ̀ sí jù lọ. Ibẹ̀ náà ni pàkúté pọ̀ sí.

Ríra àfikún láìní ìpìlẹ̀

Kato àti Tomix, ilé iṣẹ́ méjì tó gbajúmọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí ní Jàpáànì, máa ń pín ọkọ̀ tó gùn sí páálí méjì tàbí mẹ́ta. Èyí àkọ́kọ́ ni ìpìlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kihon. Èyí tó kù ni àfikún, zōketsu. Bí ẹ bá rí 基本 lára páálí, ìpìlẹ̀ ni. Bí ẹ bá rí 増結, àfikún ni. Ẹ tọ́jú àmì méjèèjì sórí fóònù yín kí ẹ tó ṣí ojú ìwé ọjà kankan, torí àwòrán tó wà lára ọjà lè jọra wọn pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká mú E235 tó ń yípo Tokyo lórí ọ̀nà Yamanote láti ọdún 2015. Kóòṣì 11 ni ọkọ̀ náà. Kato pín in sí mẹ́ta: ìpìlẹ̀ kóòṣì 4, àfikún A kóòṣì 4, àfikún B kóòṣì 3. Inú ìpìlẹ̀ ni kóòṣì méjèèjì tí awakọ̀ ń jókòó sí wà, ibẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì wà. Ẹni tó bá rí àfikún A ní ọ̀pọ̀, tó sì tètè sanwó kí ẹlòmíì má baà gbà á, kóòṣì mẹ́rin ló máa gbà nílé: wọn ò ní awakọ̀, wọn ò ní iná iwájú, bí ẹ ò bá sì fọwọ́ tì wọ́n, wọn ò ní kúrò lójú kan.

Àwọn tó mọ nǹkan díẹ̀ nípa reluwé Jàpáànì gan-an ni àṣìṣe kejì máa ń mú. Wọ́n mọ̀ pé lẹ́tà tó wà lára kóòṣì ní ìtumọ̀: Moha ní ẹ́ńjìnnì, Saha kò ní, Kuha jẹ́ ti awakọ̀ láìní ẹ́ńjìnnì, Kumoha ní awakọ̀ àti ẹ́ńjìnnì. Wọ́n wá rí Moha nínú àfikún, ọkàn wọn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Lára E235 ńlá tó wà ní Tokyo, kóòṣì 6 nínú 11 ló ní ẹ́ńjìnnì. Lára ti Kato, ọ̀kan ṣoṣo péré ni. Gbogbo Moha yòókù kàn ń jẹ́ orúkọ lásán ni. Nítorí náà, ẹ má ka lẹ́tà ara kóòṣì. Ẹ ka àkọsílẹ̀ ọjà náà, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ 動力 sí, tàbí M lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kóòṣì kan. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà. T dúró fún kóòṣì tí kò ní.

Ẹ má sì tìtorí èyí ra ẹ́ńjìnnì méjì fún ọkọ̀ kan ṣoṣo. Bí ìwọ̀n eré wọn ò bá dọ́gba, ọ̀kan á máa ti èkejì, èkejì á máa fà á sẹ́yìn, ẹsẹ̀ á sì máa yọ̀ lórí irin.

Ó tún ku ọ̀kan tí mo rò pé òun ló burú jù: "Màá ra ìpìlẹ̀ báyìí, màá ra àfikún bí owó bá yọ." Àwọn ilé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ọjà kan láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Wọ́n á kéde rẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú, ṣọ́ọ̀bù á gba àsansílẹ̀, wọ́n á ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ó lè pẹ́ gan-an kí wọ́n tó tún un ṣe, wọ́n sì lè má tún un ṣe mọ́. Àfikún ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ ṣọ̀wọ́n. Bí owó ò bá tó ra odidi, ẹ wá ọkọ̀ tó kúrú tí odidi rẹ̀ wà nínú páálí kan. Lójú tèmi, kóòṣì mẹ́ta tó pé dára ju mẹ́rin tó ń wá méje kiri.

Ẹ gbọ́, bí E235 bá dé ọwọ́ yín tí kóòṣì kan nínú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ má tíì bá ẹni tó tà á fún yín jà. Ẹ wò ó bóyá kóòṣì kẹwàá ni. Nínú ọ̀pọ̀ E235 tòótọ́, ara ọkọ̀ E231 àtijọ́ ni wọ́n ti yọ kóòṣì yẹn wá.

Èyí tí kò ní ẹ́ńjìnnì láti ìbẹ̀rẹ̀

Greenmax, ilé iṣẹ́ Jàpáànì míì, máa ń gbé ọkọ̀ kan náà jáde ní oríṣi méjì: ọ̀kan ní ẹ́ńjìnnì, èkejì kò ní, ìyẹn sì dínwó. Kò sí jìbìtì níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ so ọkọ̀ méjì pọ̀ bí àwọn reluwé aládàáni Jàpáànì ṣe máa ń ṣe ni wọ́n ṣe é fún. Wàhálà máa ń dé nígbà tí ẹni tí kò tíì ní ọ̀kan bá lọ ra èkejì.

Tetsudō Collection, ọ̀wọ́ ọkọ̀ kékeré tí Tomytec ń ṣe, tún jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹwà lásán ni wọ́n ṣe é fún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ike, ara rẹ̀ fúyẹ́, kò sì sí ohunkóhun nínú rẹ̀. Kó tó lè rìn, ẹ gbọ́dọ̀ ra ẹsẹ̀ onírin àti ohun tó máa ń mú un wúwo, kí ẹ sì tún ra ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TM. Ẹ́ńjìnnì yẹn gbọ́dọ̀ bá gígùn kóòṣì mu, kí àlàfo àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ náà sì dọ́gba. Ẹ ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó yọ̀ pé ẹ rí ọjà ọ̀pọ̀. Lára wọn tún wà tí wọ́n tà nínú páálí tí a kì í mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ títí a ó fi ṣí i. Ẹni tó ń wá iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ kan lè ra iwájú méjì.

"N ni gbogbo wọn" kọ́

Irin wọn dọ́gba, mílímítà 9. Ìwọ̀n ọkọ̀ orí rẹ̀ ni kò dọ́gba. Ti Jámánì àti Amẹ́ríkà jẹ́ ìdá kan nínú 160. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ìdá kan nínú 148. Ti Jàpáànì jẹ́ ìdá kan nínú 150, àfi Shinkansen, reluwé wọn tó ń sáré gan-an, tó jẹ́ 160. Ìdí rẹ̀ ni pé mílímítà 1,067 ni àlàfo irin tó wọ́pọ̀ jù ní Jàpáànì, bákan náà pẹ̀lú ọ̀nà ojú irin àtijọ́ tó ti Èkó lọ sí Kano, nígbà tí Shinkansen ń lo 1,435. Ṣùgbọ́n ẹ má fi àlàfo irin nìkan ṣèdájọ́ o: 1,435 ni Hankyū àti Keikyū, ilé iṣẹ́ reluwé aládàáni méjì ní Jàpáànì, náà ń lò, síbẹ̀ 150 ni wọ́n máa ń fi ṣe ọkọ̀ wọn.

Ọkọ̀ 148 àti 150 lè jókòó pọ̀ ní ibùdókọ̀ kan, ojú ò ní mọ̀ ọ́n. 148 àti 160 ni wàhálà; ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ló wà láàárín wọn, ó sì máa ń hàn gbangba ní ẹnu ọ̀nà àti ní òrùlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kíyè sí èyí dáadáa, torí orúkọ ilé iṣẹ́ kì í sọ ìwọ̀n. Kato ló ṣe Eurostar, 160 ni. Kato náà ló ṣe Class 800, ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 148 ni. (Class 800 tún ní dísẹ́ẹ̀lì lábẹ́, kì í ṣe iná nìkan.) Bó bá jẹ́ irú ọkọ̀ iná tí èrò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lẹ fẹ́, Graham Farish, tó ń ṣe ọkọ̀ kékeré ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣe Class 319 àti Class 350 ní 148, kóòṣì mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ sì máa ra gbogbo rẹ̀.

Àwọn tó kéré jù N náà wà. Z jẹ́ ìdá kan nínú 220. T jẹ́ ìdá kan nínú 450, lórí irin mílímítà 3, EMU Jàpáànì kan, 103, ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó wuni láti wò. Àmọ́ eruku tí ẹ ò lè fojú rí lè dá a dúró, nítorí náà kì í ṣe ibi tó yẹ kí ẹnikẹ́ni ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wọn tábìlì kí ẹ tó wo àpò

E235 kóòṣì 11 á gùn tó mítà kan ààbọ̀. N700 ti Shinkansen tó ní kóòṣì 16 á kọjá mítà méjì ààbọ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ló máa gba àyè yẹn o, ibùdókọ̀ tó máa gbà á náà gbọ́dọ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìdajì èrò á máa sọ̀ kalẹ̀ sínú igbó. Class 350 kò tó ọgọ́ta sẹ̀ntímítà. Enoden tó ń gba ẹ̀bá òkun Kamakura kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ: kóòṣì méjì ni, nígbà mìíràn wọ́n á so ọkọ̀ méjì pọ̀. Kóòṣì kúkúrú tún máa ń gba kọ́nà tóóró. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára irin tẹ́ ẹ ní: lọ́wọ́ Kato, R249, R282, R315, lọ́wọ́ Tomix, C243, C280, C317, rédíọ́ọ̀sì kọ́nà ní mílímítà ni gbogbo wọn, bó bá ṣe kéré sí ni kọ́nà ṣe ń tóóró sí. Ní ti Shinkansen, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ ju 315 lọ.

Ìkọ́ tó so kóòṣì pọ̀ náà ń kọ́? Ti Kato àti TN ti Tomix kì í so mọ́ra wọn. Ẹ má ra ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀kan kí ẹ lọ ra àfikún lọ́wọ́ èkejì. Yàtọ̀ sí ìkọ́, àwọ̀ ewé ti ọ̀kan kì í ṣe àwọ̀ ewé ti èkejì.

Àlòkù

Mo fara mọ́ àlòkù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó dára jù kò sí níbòmíì mọ́. Ṣùgbọ́n ní Jàpáànì, bí wọ́n bá kọ "junk" sára ọjà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọn ò dán an wò, wọn ò sì ní gbà á padà. Ọkọ̀ yẹn lè máa sáré geere. Ó sì lè jẹ́ ara ọkọ̀ lásán. Ẹ má san ju iye tí ara lásán tó lọ.

Ṣọ́ọ̀bù míì á tú páálí, á sì máa ta kóòṣì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kóòṣì ẹlẹ́ńjìnnì ló máa ń kọ́kọ́ tà, torí náà bí ẹ bá rí "odidi ọkọ̀" tí owó rẹ̀ kéré jọjọ, ẹ ní kí wọ́n ya abẹ́ kóòṣì kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ tó ní rọ́bà tín-ín-rín lára ló sábà máa ń jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà yẹn máa ń gbẹ bó bá ti pẹ́, ẹ sì lè ra tuntun. Àyè tó ṣófo nínú páálí ìpìlẹ̀ kì í fìgbà gbogbo jẹ́ àmì olè, torí Kato máa ń fi àyè sílẹ̀ fún àfikún nígbà mìíràn. Apá tó ń gbaná lórí òrùlé ni kí ẹ fojú sí, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ dá. Bó bá dá, ọkọ̀ á ṣì rìn: inú irin ni iná ti ń wá, kì í ṣe inú wáyà òkè.

Iná

Ẹni tó fẹ́ lo DCC, ìyẹn ìlànà tó ń fi àmì ránṣẹ́ gba inú irin lọ sí ẹ̀rọ kékeré tó wà nínú ọkọ̀ láti darí rẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún ìṣirò. Orí ọkọ̀ máa ń gba ẹ̀rọ kékeré kan. EMU lè gba mẹ́ta: ọ̀kan fún ẹ́ńjìnnì tó wà láàárín, ọ̀kan fún iná iwájú, ọ̀kan fún iná ẹ̀yìn. Lọ́wọ́ Kato, EM13 kan àti FL12 méjì nìyẹn, bó bá jẹ́ pé wọ́n ti fi àyè wọn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ títí wọ́n á fi ra ẹyọ kan, tí ọkọ̀ á máa rìn nínú òkùnkùn.

Ẹ má sì ra kọntírólà pọ̀ mọ́ ọkọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù Tokyo torí pé ó wà lára ẹ̀dínwó. Fóltì 100 ni iná ilé wọn. Tiwa l'Ékòó àti ti Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ nǹkan bí 230. Bí ẹ bá kì í bọ ara ògiri bẹ́ẹ̀, ó lè jóná lójú ẹsẹ̀. Fóltì 12 ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń fẹ́, kò sì bìkítà orílẹ̀-èdè tó ti wá. Ẹ ra kọntírólà níbi tẹ́ ẹ wà, irú èyí tí Gaugemaster ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ fi owó tó kù ra àfikún kó tó tán lórí àtẹ.