Bí A Ṣe Ń Wá x àti y Nígbà Tí Ìdọ́gba Ò Ju Ẹyọ Kan Lọ

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń wá sí lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ wa ní Lágeré, n'Ílé-Ifẹ̀, bá rí x àti y nínú ìdọ́gba kan ṣoṣo, wọ́n á ní ìbéèrè ò pé. Ó pé, bó bá ṣáà ti sọ pé odidi nọ́ńbà ni méjèèjì. Ẹ wá gbólóhùn yẹn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí, ìdáhùn ò lópin.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí: xy + 2x + 3y = 18.

Pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe báírò. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ tó, ó fẹ̀ ju ìwé lọ.

Ẹ kọ àkámọ́ méjì, ti x ṣáájú: (x + 3)(y + 2). Ibí ni wọ́n ti ń bà á jẹ́. 3 tó wà lára y ló ń bá x wọ àkámọ́, 2 tó wà lára x ló ń bá y wọlé. Ẹni tó bá kọ (x + 2)(y + 3), kó tú u wò: 3x àti 2y ló máa bá níbẹ̀.

Ẹ tú tiwa náà: xy + 2x + 3y + 6. Ta ló pe 6? Kò sí nínú ìbéèrè, àwa la mú un wọlé, nítorí náà ẹ fi 6 kún 18 lápá ọ̀tún. Ó di (x + 3)(y + 2) = 24. Ẹ ṣọ́ àmì o! Bó bá jẹ́ xy − 2x − 3y = 18, −3 × −2 ṣì jẹ́ +6, a ò ní yọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n xy + 2x − 3y = 18 á fún wa ní −6, ọ̀tún á wá di 12.

Ẹ má kọ x + 3 = 24 láé. Ìgbà tí ọ̀tún bá jẹ́ òdo nìkan la lè dá àkámọ́ kọ̀ọ̀kan mú bẹ́ẹ̀.

Odidi nọ́ńbà ni àkámọ́ méjèèjì, nítorí náà àwọn méjì-méjì tó ń bí 24 ni 1 × 24, 2 × 12, 3 × 8, 4 × 6, àti ìyípadà wọn. Bí x àti y bá gbọ́dọ̀ tó 1, àkámọ́ àkọ́kọ́ ò lè kéré sí 4, ìkejì ò lè kéré sí 3. Ó ku 4 × 6, 6 × 4 àti 8 × 3: x = 1, y = 4; x = 3, y = 2; x = 5, y = 1. Bí wọ́n bá gba òdo àti nọ́ńbà oníyọkúrò, ìdáhùn á di 16, torí −4 × −6 náà ń bí 24.

Ẹ dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sínú ìbéèrè, láìfi kakulétọ̀ ṣe é. Bí x = 5, y = 1: 5 + 10 + 3 = 18.